Fury gba 80, Whyte gba 20: ṣé ìrẹ́jẹ ni?

Òǹkàwé kan kọ̀wé láti Ṣàgámù, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ owó àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò hẹ́fíwéètì yìí ló ń dùn mí. Nígbà tí Fury àti Whyte jà ní 2022, wọ́n ní kí Fury gba ìdá 80, kí Whyte gba 20, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ máa jẹ ẹ̀ṣẹ́. Àwọn àjọ tó ń fúnni ní bẹ́líìtì yìí (WBC, WBO àti irú wọn) kan náà ló fi tipá mú Joshua ọmọ wa bá Pulev àti Usyk jà nígbà tí gbogbo ayé ń retí òun àti Fury. Usyk náà tún jọ̀wọ́ bẹ́líìtì WBO ní 2025 láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni nà án. Ṣé ìrẹ́jẹ kọ́ lèyí? Ṣé kò ní sàn kí wọ́n pa ìjà ọ̀ranyàn rẹ́, ìyẹn ìjà tí àjọ ń pàṣẹ fún ẹni tó ní bẹ́líìtì, kí wọ́n sì máa pín owó lọ́gbọọgba?"

Àbúrò mi, o ṣeun. Inú tó ń bí ọ yé mi dáadáa, torí ọ̀pọ̀ wa tó ń torí Joshua wo ẹ̀ṣẹ́ ni inú ń bí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta lo dì sínú ẹrù kan ṣoṣo: bí wọ́n ṣe ń pín owó, àṣẹ tí àwọn àjọ ń pa, àti ìwé àdéhùn tí akànṣẹ́ méjì fọwọ́ sí láàárín ara wọn. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń dá ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó yẹ ká bínú sí nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá bàjẹ́. Èmi ò fara mọ́ ọn pé kí wọ́n pa ìjà ọ̀ranyàn rẹ́, torí àwọn tí àánú wọn ń ṣe ọ́ yìí gan-an ni ìyà rẹ̀ yóò kọ́kọ́ jẹ. Ní ti 80 sí 20, ẹni tó bá tẹjú mọ́ ìdá láìbéèrè odidi owó tí wọ́n ń pín kò tíì rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti Joshua àti Fury kúrò lọ́nà, torí ibẹ̀ lo ti di ẹ̀bi ru ẹni tí kò jẹ̀bi. Kì í ṣe àjọ kankan ló da ìjà yẹn rú. Ní oṣù Karùn-ún 2021, ọ̀rọ̀ ti dé orí ọjọ́: 14 oṣù Kẹjọ, ní Saudi Arabia. Fury fúnra rẹ̀ jáde nínú fídíò ní ọjọ́ Àìkú, ó ní ó ti dájú. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, onílàjà tí wọ́n gbé ẹjọ́ Deontay Wilder lọ bá ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé Fury ṣì jẹ Wilder ní ìjà kẹta, torí ó wà nínú ìwé tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí. Ìwé àdéhùn ló pa ìjà yẹn, kì í ṣe òfin WBC, kì í ṣe ti WBO. Lẹ́yìn tí ti Fury ti bọ́ ni WBO ní ó yá, kí Joshua bá Usyk jà, torí láti 2019 tí Usyk ti kúrò ní cruiserweight (ìwọ̀n tó kéré sí hẹ́fíwéètì), níbi tó ti kó gbogbo bẹ́líìtì tán, ni ìdúró rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ti Pulev tilẹ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Òun ni ó yẹ kó bá Joshua jà ní Cardiff ní oṣù Kẹwàá 2017. Ó farapa, Carlos Takam gba ipò rẹ̀, ó sì di oṣù Kejìlá 2020 kí Pulev tó rí Joshua lójú ríìngì. Ẹni tó dúró lé ní ọdún mẹ́ta kọ́ ni a máa sọ pé wọ́n fi tipá gbé wá.

Wàyí o, kí ni ìjà ọ̀ranyàn wà fún? Àjọ mẹ́rin ló ń fúnni ní bẹ́líìtì tí ayé kà sí: WBA, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti 1921, WBC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Mexico City ní 1963, IBF, 1983, àti WBO, 1988. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àtẹ tí wọ́n fi ń to àwọn akànṣẹ́ sí ipò. Òfin wọn sì ni pé láàárín àkókò kan, ẹni tó ní bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ bá ẹni tó wà lókè àtẹ jà. IBF ló le jù nínú wọn, oṣù mẹ́sàn-án ni tiwọn. Bí bẹ́líìtì mélòó kan bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, àwọn àjọ máa ń tò ó láàárín ara wọn: ti èyí lónìí, ti ìyẹn lọ́la. Ìdí tí òfin yìí fi wà kò fara sin. Ẹni tó bá ti gba bẹ́líìtì, owó rẹ̀ ti ga, agbátẹrù rẹ̀ ò sì fẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ kó máa yan ẹni tó wù ú, ẹni tó ní orúkọ ńlá tí agbára rẹ̀ ti ń tán ni yóò máa yàn, tàbí ẹni tí kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Akànṣẹ́ tó le koko, tí kò ní èrò lẹ́yìn, tí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ń dun egungun, ta ni yóò finú fíndọ̀ pè é?

Wo Usyk tí o ní wọ́n fi tipá gbé bá Joshua. Ìjà ọ̀ranyàn ni ilẹ̀kùn tó gbà wọlé. Kò ga tó Joshua, kò wúwo tó o, àwọn èèyàn London ò sì mọ̀ ọ́n tó bí wọ́n ṣe mọ ọmọ Watford tó gba wúrà Òlíńpíìkì ní 2012. Bí kì í bá ṣe àṣẹ WBO, agbátẹrù wo ni yóò gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá sí pápá Tottenham ní oṣù Kẹsàn-án 2021? Ó wá, ó gba bẹ́líìtì mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ kan. Ní oṣù Karùn-ún 2024, ó lu Fury ní Riyadh, bẹ́líìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí Lennox Lewis ti ṣe irú rẹ̀ ní 1999, kò sí hẹ́fíwéètì tó tún di ọ̀gá láìlálátakò àfi òun. Ó dùn wá pé Joshua ló lù, ó dun èmi náà, ṣùgbọ́n a ò lè torí ìyẹn sọ pé ilẹ̀kùn yẹn ò dára.

Ọmọ Nàìjíríà náà ti gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá. Samuel Peter, ọmọ Akwa Ibom, lu James Toney lẹ́ẹ̀mejì, ní oṣù Kẹsàn-án 2006 àti oṣù Kìíní 2007, ó sì di olùpèníjà ọ̀ranyàn sí bẹ́líìtì WBC tó wà lọ́wọ́ Oleg Maskaev. Ibẹ̀ ni Vitali Klitschko ti sọ pé òun fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Nítorí pé ìfarapa ló mú un fi bẹ́líìtì sílẹ̀, WBC ti fún un ní oyè tó jẹ́ kó lè wá jà fún bẹ́líìtì tààrà nígbàkígbà tó bá padà. Wọ́n bá ń rọ Peter pé kó yà lọ́nà, owó yóò wà níbẹ̀. Peter kọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn lọ, ó bọ̀: Vitali farapa, Maskaev náà farapa, WBC fún Peter ní bẹ́líìtì onígbà díẹ̀, ó sì borí Jameel McCline láti dì í mú ní oṣù Kẹwàá 2007. Ní oṣù Kẹta 2008 ló tó rí Maskaev ní Cancún, ó sì gbá a dànù. Vitali padà gba bẹ́líìtì náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Berlin lọ́dún yẹn kan náà. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó lè gba a mọ́ ọn lára láé pé ó di bẹ́líìtì ayé hẹ́fíwéètì mú. Òfin tí o fẹ́ kí wọ́n pa rẹ́ yẹn ni Peter gbẹ́kẹ̀ lé nígbà tó ń kọ owó ìyàlọ́nà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kó o fọkàn sí jù. Bí àjọ bá ti pàṣẹ ìjà, wọ́n máa ń fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láyè díẹ̀ láti fúnra wọn dúnàá-dúrà. Bí wọ́n bá ti gbọ́ra wọn yé, àjọ ò béèrè bí wọ́n ṣe pín in. Kí wọ́n pín in ní 50 sí 50, kí wọ́n pín in ní 90 sí 10, ọwọ́ wọn ló wà. Bí ọ̀rọ̀ bá fọ́ ni àjọ ń pe purse bid. Bí tẹ́ńdà ìjọba ló ṣe rí, àmọ́ ẹni tó bá kọ iye tó pọ̀ jù ló ń gbé e lọ: gbogbo agbátẹrù tó ní ìwé àṣẹ ló lè kọ iye owó tó fẹ́ ná sínú àpòòwé, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n á ṣí i lójú gbogbo ayé. Ẹni tó ni ìjà náà yóò ṣètò ibi tí wọ́n máa jà, tẹlifíṣọ̀n tí yóò gbé e, àti ọjọ́ rẹ̀. Owó tó kọ sínú àpòòwé ni àwọn akànṣẹ́ máa pín, ní ìwọ̀n tí àjọ bá là sílẹ̀. Èrè tàbí àdánù tó bá kù, ti agbátẹrù ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Fury àti Whyte nìyẹn. 80 sí 20 yẹn kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni fi rẹ́ Whyte jẹ lórí tábìlì. WBC ló là á sílẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ kò wọ̀ mọ́. 70 sí 30 ni òfin wọn sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń wo owó tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti gbà nínú àwọn ìjà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jà, owó tí Fury sì ti gbà lọ́wọ́ àwọn ìjà Wilder jìnnà sí ti Whyte. Nígbà tí wọ́n ṣí àpòòwé ní oṣù Kìíní 2022, Frank Warren ti Queensberry kọ 41,025,000 dọ́là. Matchroom, iléeṣẹ́ agbátẹrù mìíràn, kọ 32,222,222. Wo àwọn nọ́ńbà yẹn dáadáa. Ìdí tí wọn kì í fi kọ iye tó gún ni pé olúkúlùkù ń rò ó pé ẹnìkejì òun lè dúró sórí mílíọ̀nù 32 géérégé, kí òun fi díẹ̀ lé e. Àpòòwé ò jẹ́ kí Warren mọ̀ pé Matchroom ò ní dé ibẹ̀, ó sì fi ohun tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là kọjá ẹni tó tẹ̀ lé e. Owó àṣerégèé yẹn ò sọnù o. Wọ́n yọ ìdá 10 nínú gbogbo rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá borí. Nínú èyí tó kù, Fury ní mílíọ̀nù 29.5, Whyte ní mílíọ̀nù 7.38. Bí o bá ṣírò ọ́n, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là nínú ti Whyte ló wá láti inú àlékún tí Warren fi lé ti Matchroom.

Wá bá mi fi wé èyí. Ká ní WBC fún Whyte ní ìdá 30, àmọ́ tí agbátẹrù kan ṣoṣo jókòó ti Fury, tí kò sí àpòòwé, tí odidi owó sì jẹ́ mílíọ̀nù 25. Yọ ìdá 10 ti ẹni tó borí, Whyte yóò gba mílíọ̀nù 6.75. Ìdá rẹ̀ lọ sókè, owó inú àpò rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ja ẹ̀ṣẹ́ pé kí wọ́n yéé fi ìdá ṣe yàngàn nìyẹn. Bínú ni Whyte bínú sí ọ̀rọ̀ náà, kò tilẹ̀ yọjú síbi ìpàdé oníròyìn àkọ́kọ́ ní oṣù Kẹta, Fury nìkan ló jókòó síbẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi. Ó ti dúró fún ìjà yìí fún ọdún púpọ̀, ó tún pàdánù ipò rẹ̀ sọ́wọ́ Alexander Povetkin lọ́dún 2020 kó tó gbà á padà lọ́dún kejì ní Gibraltar. Èrò tèmi ni pé 20 kéré fún ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ ra ipò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, 25 tàbí 30 ni ì bá tọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè pè é ní ìrẹ́jẹ, torí 94,000 èèyàn tó kún Wembley lálẹ́ ọjọ́ yẹn, púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé Fury ni wọ́n tìtorí ẹ̀ wá.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí àpòòwé yóò gba olùpèníjà sílẹ̀. Ní 1990, lẹ́yìn tí Buster Douglas ti fi Tyson lélẹ̀ ní Tokyo, ilé ìtura Mirage ti Steve Wynn ní Las Vegas kọ mílíọ̀nù 32.1 dọ́là fún ìjà Douglas àti Evander Holyfield. Douglas gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 24, Holyfield gba mílíọ̀nù 8, ó sì gbá Douglas ṣubú ní ráúndì kẹta. Ní 2013, Andrey Ryabinsky ará Rọ́ṣíà kọ ohun tó lé ní mílíọ̀nù 23 fún Wladimir Klitschko àti Alexander Povetkin. Iye tí àwọn èèyàn Klitschko fúnra wọn kọ kò tó ìdajì ìyẹn. Povetkin gba ìdá 25, mílíọ̀nù 5.8, Klitschko gba mílíọ̀nù 17.4, àmọ́ ó di dandan kó gbéra lọ sí Moscow lọ jà nílé onílé. Èyí ni àwọn tó ní bẹ́líìtì ń bẹ̀rù nínú purse bid. Owó lè pọ̀ o, ṣùgbọ́n agbátẹrù ẹlòmíràn lè gbé ìjà lọ síbi tí ojú wọn ò mọ̀. Ìbẹ̀rù yẹn ló ń mú wọn padà sórí tábìlì, ìdá tí wọ́n bá sì fara mọ́ níbẹ̀ sábà máa ń sàn fún olùpèníjà ju èyí tí òfin kọ lọ.

Fi èyí wé ìgbà tí ẹni tó ní bẹ́líìtì kọ̀ láti bá olùpèníjà jà. Ní oṣù Kọkànlá 1992, Riddick Bowe gba gbogbo bẹ́líìtì lọ́wọ́ Holyfield, Lennox Lewis sì ni olùpèníjà WBC. Ohun tí wọ́n ròyìn nígbà náà ni pé mánéjà Bowe dá a lábàá pé kí wọ́n pín owó ìjà náà ní 90 sí 10. Lewis kọ̀ ọ́. Ní 14 oṣù Kejìlá, ní London, Bowe ju bẹ́líìtì WBC sínú agolo ìdọ̀tí lójú kámẹ́rà. Wọ́n gbé e fún Lewis, àwọn méjèèjì ò sì jà mọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, bẹ́ẹ̀ Lewis ti na Bowe níbi àṣekágbá Òlíńpíìkì Seoul ní 1988. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń ka ìdá nínú ìwé ìròyìn kì í rí. Mo ti bá àwọn akànṣẹ́ wa kan nílùú Èkó jókòó ti ìwé àdéhùn wọn. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Muṣin, gbé ìka lé iye owó lójú ewé àkọ́kọ́, kò fẹ́ ṣí ewé kejì mọ́. Ewé kejì sì ni owó ti ń jò. Ká ní olùpèníjà gba mílíọ̀nù kan dọ́là. Àjọ yóò gba nǹkan bí ìdá 3 torí pé bẹ́líìtì wọn ló ń jà fún: 30,000 lọ. Olùkọ́ máa ń gba ìdá 10: 100,000 tún lọ. Ní Bìrìtìkó, mánéjà lè gba tó ìdá 25: 250,000. Ká tó mú ti owó orí, ti àwọn tó ń bá a fi ẹ̀ṣẹ́ dánra wò, ti ilé àti oúnjẹ àti tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ní ibùdó ìmúrasílẹ̀, tó sábà máa ń tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó ní bẹ́líìtì ń ná irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ara odidi tó pọ̀ ló ti ń yọ ọ́. Nítorí náà, àlàfo tó wà láàárín 80 àti 20 máa ń fẹ̀ sí i nígbà tí owó bá délé, ẹ̀dùn ọkàn rẹ sì tọ̀nà níbẹ̀.

Èyí tó tún burú ju ìdá lọ ni gbólóhùn àtúnjà. Nínú ìjà tí ẹni tó ní bẹ́líìtì fúnra rẹ̀ yàn, ó lè kọ ọ́ sínú ìwé pé bí o bá nà mí, o gbọ́dọ̀ tún bá mi jà. Ọmọ wa Joshua jàǹfààní rẹ̀. Nígbà tí Andy Ruiz, tí wọ́n kàn fi dí àyè ẹlòmíràn, gbá a ṣubú ní Madison Square Garden ní oṣù Kẹfà 2019, Ruiz rò pé òun ti di ọ̀gá ara òun. Kò tíì tó oṣù méje tó fi bá ara rẹ̀ ní Diriyah ní Saudi Arabia nínú àtúnjà, bẹ́líìtì sì padà sọ́dọ̀ Joshua. Òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n fi orúkọ Muhammad Ali pè, tó jáde ní 2000, fi òté lé apá kan nínú àṣà yìí: agbátẹrù kò gbọ́dọ̀ sọ pé àfi kí olùpèníjà fún òun ní ẹ̀tọ́ lórí àwọn ìjà rẹ̀ tó ń bọ̀ kí ó tó lè ja ìjà ọ̀ranyàn. Ìdáàbòbò ńlá nìyẹn, ẹni tí wọ́n kàn yàn fúnra wọn kì í rí i. Rántí pé ní oṣù Kẹta 2023, Usyk gba 70 sí 30 lọ́wọ́ Fury lójú gbogbo ayé, ó kàn ní kí Fury fi mílíọ̀nù kan pọ́ùn ṣètọrẹ fún Ukraine. Pẹ̀lú bó ṣe gba 30 yẹn náà, ìjà ò wáyé ní Wembley, ọ̀rọ̀ àtúnjà sì wà lára ohun tó tú u ká.

Kí n má tan ọ́ o, ètò ìjà ọ̀ranyàn ní àbùkù, àbùkù rẹ̀ sì pọ̀. Ní oṣù Kejì 1978, Leon Spinks na Ali. Ó fẹ́ tún bá Ali jà, torí ibẹ̀ ni owó wà. WBC ní Ken Norton ló kàn. Wọ́n gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Spinks, wọ́n gbé e fún Norton láìsí ẹ̀ṣẹ́ kan, ó sì lé ní ọdún mẹ́jọ kí Tyson tó tún so àwọn bẹ́líìtì hẹ́fíwéètì pọ̀. Ní 2015, Fury na Wladimir Klitschko ní Jámánì. Ọ̀sẹ̀ méjì ò pé tí IBF fi gba tiwọn padà torí pé àtúnjà pẹ̀lú Klitschko ò jẹ́ kó lè bá Vyacheslav Glazkov jà. Bẹ́líìtì yẹn bọ́ sọ́wọ́ Charles Martin, ọwọ́ Martin ni Joshua ti gbà á ní oṣù Kẹrin 2016. A jàǹfààní nínú ẹ, a ò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Ní 2002, Lewis yọ̀ǹda bẹ́líìtì IBF dípò kó bá Chris Byrd jà, agbátẹrù Don King sì fún un ní mílíọ̀nù kan dọ́là pẹ̀lú ọkọ̀ Range Rover kó lè yọ̀ǹda rẹ̀. Àtẹ ìpò tí wọ́n fi ń yan olùpèníjà náà, ẹnu kì í sìn lára rẹ̀, torí owó tí akànṣẹ́ ń san fún àjọ àti ipò tí àjọ ń fún akànṣẹ́ sún mọ́ ara wọn jù.

Kí ni ká wá ṣe? Bí wọ́n bá pín in ní 50 sí 50 fún gbogbo ìjà ọ̀ranyàn, mo mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀: ẹni tó ní orúkọ ńlá á ju bẹ́líìtì sílẹ̀, á wá ìjà olówó lọ síbòmíràn, olùpèníjà á sì máa jà fún bẹ́líìtì tó ṣófo pẹ̀lú ẹni tí kò lérò, 50 nínú owó táṣẹ́rẹ́. Ohun tí mo fara mọ́ ni kí wọ́n fi ìdá 30 ṣe ìpìlẹ̀ tí olùpèníjà ò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ jù, kí ìdá ẹni tó borí kúrò ní 10 kó di 15 tàbí 20, torí ìyẹn ni apá tí ẹ̀ṣẹ́ gan-an ń pín. Kí wọ́n sì dẹ́kun sísún ọjọ́ purse bid síwájú léraléra, torí ìgbà tí ọjọ́ àpòòwé bá sún mọ́lé ni àwọn agbátẹrù máa ń rántí gbé fóònù. Àbá mi yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Owó Saudi ti wọ ọjà báyìí, wọn kì í sì gbé iye tí wọ́n ń san síta bí ti àpòòwé. Ó ti mú owó pọ̀ fún olùpèníjà, ó sì ti jẹ́ ká rí ìjà tí à bá má rí. Ṣùgbọ́n ìwọ tó wà ní Ṣàgámù àti èmi ò ní lè jókòó ṣírò ohun tí olúkúlùkù gbà bí a ṣe ṣírò ti Whyte yìí, ọ̀rọ̀ ìrẹ́jẹ á sì wá di ohun tí a ò lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀.

Ti Usyk ló kù. Kò sí ẹni tó gba bẹ́líìtì WBO lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí: ní oṣù Kẹfà 2024, ó yọ̀ǹda ti IBF kó lè ráyè tún bá Fury jà, bẹ́líìtì náà bọ́ sọ́wọ́ Daniel Dubois, Dubois sì gbá Joshua wa ṣubú ní Wembley ní oṣù Kẹsàn-án. Usyk padà gbà á lọ́wọ́ Dubois ní oṣù Keje 2025. Lẹ́yìn ìyẹn, WBO ní kó bá Joseph Parker jà. Ó tọrọ àyè torí ara rẹ̀ ò dá, Parker ò sì fẹ́ jókòó gẹlẹtẹ. Ó bá Fabio Wardley jà ní London ní oṣù Kẹwàá, Wardley dá a dúró ní ráúndì kọkànlá, ó sì gba ipò olùpèníjà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá, Usyk jọ̀wọ́ bẹ́líìtì, WBO gbé e fún Wardley. Ẹni ọdún 38 tó ti na gbogbo wọn tán lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ìjà tó kù fún un, mi ò sì rí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Wardley ní tiẹ̀ kò ṣe ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ti àwọn tí kì í gbowó rárá, ìjà àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló ti bẹ̀rẹ̀ ní Ipswich. Bí kò bá sí ìjà ọ̀ranyàn, agbátẹrù wo lo rò pé yóò pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá sídìí bẹ́líìtì hẹ́fíwéètì?